Ọmọ Ta Ni Ọ́? Ìtàn Kọ̀ǹpútà Olùkọ́ Kan ní Bẹẹrẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí kò wọ́n lẹ́nu olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Kò sí sáà ẹ̀kọ́ kan tí kì í fi í kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìwé kíkà falẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò ọdún 2019, òwe náà yí padà, ó wá bá oní-nǹkan nílé. Ohun tó fà á kò ju kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lọ, tòkunbọ̀ tí ìyá olùkọ́ yìí rà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, tí ó sì ti di àpótí ìṣúra rẹ̀.

Kí ni ìṣúra náà? Láti ọdún 2006 ni ó ti ń fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan náà lọ́dọọdún: kí olúkúlùkù lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù lọ ní agboolé rẹ̀, kí ó gbọ́ oríkì agboolé náà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá láti Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó àti láti Bẹyẹrunka, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, tí páànù ilé kan sì ń da omi òjò sí àgbàlá ilé kejì. Ìyá olùkọ́ a gba ìwé àwọn ọmọ náà, a ṣe àtúnṣe sí àmì ohùn, a sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí agboolé láti lọ béèrè ohun tí kò bá yé e. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, oríkì agboolé méjìlá ni ó ti tẹ̀ tán, pẹ̀lú àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ inú wọn. Ìrètí rẹ̀ ni pé wọn yóò di ìwé kékeré kan tí àwọn olùkọ́ yòókù lè máa lò.

Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wáyé.

Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí arúgbó tó ń gun òkè Mápó. A ṣí díẹ̀, a dúró mí, a sì kú lójijì. Ìyá gbé e lọ sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọ̀nà Bẹẹrẹ, níbi tí ariwo àwọn Máíkírà tó ń pe èrò kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

“Mọ́mì, Windows inú rẹ̀ ló ti dàrú. A máa fọ́màtì rẹ̀ ni, a ó wá fi òmíràn sí i. Ẹ padà wá lọ́la, mà.”

Ìyá ní kò burú. Ó rò pé fọ́màtì túmọ̀ sí kí a tò ó dáadáa. Kò mọ̀ pé ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí a nu háàdì dísíìkì mọ́, kí a lè kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ṣí wéré, ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Inú ìyá dùn. Ó wá fáìlì rẹ̀ níbi tó máa ń wà, kò rí i. Ó wá a níbòmíràn, kò rí i.

“Àwọn iṣẹ́ mi dà?”

“Iṣẹ́ wo, mà?”

“Àwọn oríkì. Ohun tí mo ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́tàlá.”

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ ò sọ fún mi pé nǹkan wà níbẹ̀.”

“Ìwọ náà ò bi mí.”

Òtítọ́ ni ẹni méjèèjì sọ, ìdí nìyẹn tí ìjà kò fi lè wáyé. Ìyá olùkọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó mọ́ náà. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ kan tó hàn fẹ́ẹ́rẹ́ ní igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eérú kọ̀wé sára ògiri: Activate Windows.

Ọmọkùnrin náà ní kí ó má dààmú. “Mo lè bá yín kíráàkì rẹ̀, mà. Ẹgbẹ̀rún kan péré.”

Ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ọdún 2001, ẹni tó bá ní sídì Windows kan àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí a pín sí ìsọ̀rí márùn-ún, lè fi í sínú kọ̀ǹpútà gbogbo àdúgbò láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Microsoft gbé Windows XP jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, nǹkan yí padà. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi ètò náà sí kọ̀ǹpútà, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí tẹlifóònù. Kọ̀ǹpútà yóò ka díẹ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀, yóò fi ṣe àmì ìdánimọ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà. Bí kọ́kọ́rọ́ kan náà bá ti ń jáde lára ẹ̀rọ púpọ̀, àṣẹ kò ní wá. Láti ìgbà Windows 10 tó jáde ní ọdún 2015, ìjìyà náà ti rọjú díẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò gba àṣẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ kò ní lè yí àwòrán àti àwọ̀ ojú rẹ̀ padà bó ṣe wù ú nínú ètò náà, ọ̀rọ̀ tó dà bí eérú yẹn kò sì ní kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń bá a gbé bí ẹni tó ń gbé ilé tí kò ní ìwé.

Kíráàkì tí ọmọkùnrin náà ń wí jẹ́ ètò kékeré kan tí ń tan kọ̀ǹpútà jẹ kí ó lè gbà pé àṣẹ ti dé. Ẹni tó fẹ́ lò ó sábà máa ń kọ́kọ́ pa ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò, èyí tó jọ pé ènìyàn ní kí ọdẹ lọ sùn kí àlejò tí kò mọ̀ rí lè wọlé. Ọ̀pọ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé olè sábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ìyá olùkọ́. Ohun tí ó rántí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó gba bébà kékeré kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó sì fi àárọ̀ ọjọ́ kejì bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń gba máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Pẹ̀lú ojú wo ni yóò padà sí iwájú wọn?

“Má kíráàkì nǹkan kan fún mi, ọmọ mi. Kí ni kọ̀ǹpútà yìí ń béèrè gan-an?”

Ìbéèrè náà jọ ọmọkùnrin yẹn lójú. Àwọn oníbàárà kì í béèrè bẹ́ẹ̀; wọn kàn ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ẹ̀rọ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Mọ́mì, ó ń béèrè bóyá òun mọ̀ yín ni.” Ó wá ṣàlàyé pé oríṣiríṣi Windows ló wà. Home ni ó wà lára kọ̀ǹpútà náà nígbà tí ìyá rà á, ṣùgbọ́n Pro ni ó wà lórí fúláàṣì òun, òun sì ti tò ó kí ó máa gbé Pro sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá. Àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti Home. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìwé ilẹ̀ Bẹẹrẹ wá jà sí ilẹ̀ Ọjà'ba. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ilẹ̀ rẹ̀ ni kò bá a mu.

Ó yí kọ̀ǹpútà náà délẹ̀. Bébà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti kọ kọ́kọ́rọ́ Windows sí kò sí níbẹ̀. Ó ní èyí kò ṣe nǹkan. Láti ọdún 2012 tí Windows 8 ti jáde ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú mọ́dábọ́ọ̀dù, èyí tó jẹ́ egungun ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí fífọ́màtì kò lè dé. Ní ti Windows 10, Microsoft tún ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó bá ti gba àṣẹ rí. Bí a bá tún fi irú Windows tó tọ́ sí i, tí a sì so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ rẹ̀ yóò padà láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ àjèjì ni Microsoft yóò kà á sí, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá ti so àṣẹ náà mọ́ àpamọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣáájú. Láti ọdún 2016 ni ààyè ìyẹn ti ṣí sílẹ̀.

Ọmọkùnrin náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lójijì ni ó dáwọ́ dúró.

“Mọ́mì, bí mo bá tún fi Windows sí i báyìí, ó lè tẹ ìyókù iṣẹ́ yín rì.”

Ó ní fọ́màtì tí òun ṣe jẹ́ ti wéréwéré. Ó jọ pé ènìyàn ya ojú ewé tí a to àkóónú ìwé sí dànù, tí àwọn orí ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, títí tí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Windows àkọ́kọ́ ti kọ lé apá kan. Èkejì yóò tún kọ lé òmíràn. Bí ìyá bá lè ní sùúrù òru kan, òun yóò yọ háàdì dísíìkì náà, òun yóò sì fi ètò kan wá ohun tó bá ṣẹ́kù.

Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ṣe é di òwúrọ̀, nítorí iná kò sí. Ohun tó jáde kò pọ̀: fáìlì mẹ́rin tó pé àti àjákù díẹ̀ tí kò ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́, àwọn àmì ṣákálá ló kún un. Níbi tó yẹ kí ọ̀ àti ẹ́ wà, àwọn ìlà àti kóró àjèjì ló wà níbẹ̀. Ọkàn ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àdánù. Fáìlì náà jẹ́ ti ọdún 2006, nígbà tí ó ń fi fọ́ǹtì Yorùbá kan tí wọ́n fún un ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé. Irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ a máa fi lẹ́tà Yorùbá pamọ́ sábẹ́ àmì mìíràn; níbi tí kò bá ti sí, ojúlówó ọ̀rọ̀ a di wótowòto. Ìyá lọ tú àpótí nílé, ó rí sídì àtijọ́ náà láàárín ìwé ìròyìn. Bí wọ́n ti fi fọ́ǹtì náà sí i ni oríkì padà di oríkì. Ọjọ́ náà gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ní Unicode, ìlànà àgbáyé tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ọ̀ lè máa jẹ́ ọ̀ lórí ẹ̀rọ yòówù tó bá dé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi Windows Home sí i. Ọmọkùnrin náà so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wo igun nísàlẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí fèrè. Nígbà tí ọmọkùnrin náà wo inú ètò, ohun tí ó kà níbẹ̀ ni pé àṣẹ ti wà.

Ó ku agboolé mẹ́jọ. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, ó sì sọ òtítọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: òwe tí òun fi ń kọ́ wọn, òun fúnra òun kò tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ohun tó rọrùn fún àgbà láti sọ. Ó ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ náà lọ wá ìwé àtijọ́ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Omi ti kan àwọn kan, ikán ti jẹ etí àwọn kan, wọ́n ti fi ẹ̀yìn òmíràn ṣe ìṣirò gbèsè ọjà. Agboolé márùn-ún padà wá láti inú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nǹkan.

Fún mẹ́ta tó kù, ó di dandan kí wọ́n padà lọ bá àwọn àgbà. Ní agboolé kan ní Bẹyẹrunka, ìyá arúgbó kan jókòó sójú ọ̀nà àbáwọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì sọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó kò dáhùn. Ó ní: “Ọmọ ta ni ọ́?” Ọmọbìnrin náà dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá ní: “Èwo nínú wọn?” Ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó sì dárúkọ agboolé wọn. Ojú ìyá arúgbó là. Ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ohun tí ó kì lọ́jọ́ náà gùn ju èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ lọ.

Agboolé kejì náà rí tirẹ̀ gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé. Ní agboolé kẹta, ẹni tó mọ oríkì náà ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìlà díẹ̀ tí wọ́n máa ń kígbe níbi ìgbéyàwó, ìyókù ti bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwé rẹ̀ ti sọnù. Títí di òní, ojú ewé kejìlá nínú iṣẹ́ ìyá olùkọ́ yìí kò ní ju ìlà mẹ́fà lọ. Kò sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹni tó bá fi àròsọ dí i, kíráàkì náà ni ó ṣe.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mọ ohun tí títún tò jẹ́. Ìtàn sọ pé Lágelú ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, pé wọ́n pa ìlú náà run, àti pé àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso òro àti ìgbín kí wọ́n tó padà sọ̀ kalẹ̀ wá tún un tẹ̀ dó. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tún pàgọ́ sórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ́lé sórí ilẹ̀ yìí. Ohun tí kò jẹ́ kí ó di ìlú mìíràn ni pé àwọn ènìyàn ṣì ń sọ ìtàn ìgbín àti èso òro náà, wọ́n sì ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn. Ilé lè wó kí a tún un kọ́. Bí ẹni tó lè dáhùn “Ọmọ ta ni ọ́?” bá tán, ilé tí a tún kọ́ náà kò mọ olówó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro. Kí ẹnikẹ́ni tó fọ́màtì kọ̀ǹpútà yín, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ẹ wo irú Windows tó wà níbẹ̀, Home ni tàbí Pro, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ rà, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Ẹ so àṣẹ náà mọ́ àpamọ́ orúkọ yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un tò, ẹ fi pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá sí i kí ẹ tó kọ ohunkóhun, nítorí kì í bá fọ́màtì padà wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí owó Windows bá ga jù fún kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ jalè. Ubuntu tó jáde ní ọdún 2004 wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti Windows 10, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọn yóò tún fọ̀ nù láìpẹ́ kí a lè fi òmíràn sí wọn.

Ọmọkùnrin abẹ́ àtẹ̀gùn ní Bẹẹrẹ ti lẹ bébà kan mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyá olùkọ́ ló bá a fi àmì ohùn sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù?” Kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi dáhùn.